Àwòrán Ewé Pupa àti Ilẹ̀kùn Bàbá Mi

Ní oṣù tó kọjá, mo bẹ káfíńtà kan ní ẹ̀gbẹ́ Bẹẹrẹ pé kó bá mi ṣe ilẹ̀kùn yàrá kan. Ó wọn ẹnu ọ̀nà náà, ó wo òkè bí ẹni tó ń gbàdúrà, ó wá ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náírà. Mo béèrè irú igi tó fẹ́ lò. Ó ní, "Bàbá, kì í kúkú ṣe igi gan-an. Lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n á dán o, ẹ ó máa rí ojú yín nínú ẹ̀. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí omi kàn án."

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wò mí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, ẹni tó bá ní irú owó yẹn lọ́wọ́, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń lọ kọ́, á sì tún rí èyí tó máa fi ṣe sàráà ìṣílé nínú rẹ̀. Kọ́bọ̀ díẹ̀ ló ń gbé mi láti Ọjà'ba dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Owó tí kò pé ogún náírà ni bàbá mi ń gbà lórí ilẹ̀kùn igi apá tí àwọn ọkùnrin ní láti pawọ́ pọ̀ gbé, ilẹ̀kùn tí ikán kò lè jẹ, tí omi kò sì lè ṣe ní nǹkan kan. N kò fi èyí bá káfíńtà náà wí o. Níbo ni yóò ti rí igi? Èmi mọ ibi tí igi náà lọ. Mo ti rí i láti ojú ọ̀run kí n tó fi ẹsẹ̀ ara mi rìn débẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá sì rántí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ń dúpẹ́.

Ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ bàbá mi. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní iwájú ilé wa ní Bẹyẹrúnká, lábẹ́ páànù tó ti dípẹtà. Àwọn káfíńtà tó kù a máa to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra wọn, wọn a sì fi ìṣó àti gọ́ọ̀mù dè é. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ní abala méjì, abala kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pákó kan ṣoṣo, láti òkè dé ilẹ̀, láìsí ojú ìsopọ̀. Ó ní ẹni tó bá so ilẹ̀kùn pọ̀ ti ṣínà sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti fún olófòófó. Igi tó tóbi, tó sì ti gbó dáadáa nìkan ló lè fún un ní irú pákó bẹ́ẹ̀, apá ló sì fẹ́ràn jù.

Ẹni tó ń bá a wá igi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Onípákó. Ọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀ràn tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan, ó sì ní dírẹ́bà kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kì í kọjá ọ̀sẹ̀ kan kí ọkọ̀ náà tó já pákó apá sílẹ̀ ní iwájú ilé wa. Nígbà tí mo fi máa wọ yunifásítì, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí owó epo ń ṣàn tí gbogbo ènìyàn sì ń kọ́lé, ọkọ̀ náà lè lọ kó padà wá pẹ̀lú pákó fúyẹ́fúyẹ́ tí bàbá mi kò ní fi ṣe ilẹ̀kùn ilé adìyẹ.

"Igi ti jìnnà, ọ̀rẹ́," ni Bàbá Onípákó máa ń wí, á sì nu òógùn ojú rẹ̀.

Ó jẹ́ pé ní àkókò yẹn gan-an ni bàbá mi nílò igi jù lọ. Mọ́ṣáláṣí ràtíbì kan, ti ìrun ojoojúmọ́, wà ní àdúgbò wa, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún kọ́. Wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti tẹ́ ẹní sí i, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà gbayawu, ewúrẹ́ sì ń bá wọn kírun. Bàbá mi ti ṣèlérí fún lèmọ́mù pé òun ni òun máa ṣe ilẹ̀kùn náà, ọ̀fẹ́, àti pé ojúlówó apá ni òun máa fi ṣe é. Láti ìgbà tó ti ṣe ìlérí yẹn ni ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò sọ fún un pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n lè fi abẹ dá padà, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa lọ. Bàbá mi kò sunkún. Ó kàn sọ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ náà pé, "Ilẹ̀kùn Ọlọ́run ni mo fẹ́ fi pa iṣẹ́ dé. Bí igi bá lè yá."

Igi kò yá. Oṣù ń gorí oṣù, wọ́n fi páànù dí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Bàbá mi kò lè gba iwájú lèmọ́mù kọjá mọ́ láìwo ilẹ̀.

Èmi, jọ́gíráfì ni mò ń kọ́. Ní ọdún tí mo máa fi parí, olùkọ́ mi kan pè mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó tẹ́ àwòrán ńlá kan sórí tábìlì. Ó ní sátẹ́láìtì ló yà á, ẹ̀rọ kan tí wọ́n jù sókè tó ń yí ayé po, tó sì ń ya ilẹ̀ bó ṣe ń kọjá. Apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ wa ló wà nínú àwòrán náà, títí wọ inú ilẹ̀ Kútọnu, bí àwa ṣe máa ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn bodè lọ́hùn-ún.

Ohun tó fa ojú mi mọ́ra ni ìlà kan. Ó gba àárín àwòrán náà kọjá, ó ń wọ́ lọ bí odò ṣe ń wọ́. Ní ẹ̀yìn ìlà náà, lọ́dọ̀ àwọn ará Kútọnu, ó pupa gidigidi bí aṣọ sányán tí wọ́n rẹ sínú osùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ó rí bí eérú, àwọ̀ búlúù díẹ̀ àti àwọ̀ ewé díẹ̀ lára rẹ̀. Mo rò pé wọ́n fi kálàmù fa ìlà náà ni.

"Ẹnì kankan kò fà á," ni olùkọ́ mi wí. "Bodè nìyẹn. Ibi tó pupa ni igbó. Fíìmù yẹn kì í fi àwọ̀ ewé hàn bí ojú wa ṣe ń rí i. Ewé tó bá yè, pupa ló ń yọ. Ibi tó dà bí eérú, ilẹ̀ ló ti ṣí sílẹ̀."

Mo ní, "Sà, ṣebí òjò kan náà ló ń rọ̀ sí ibi méjèèjì?"

"Òjò kan náà. Ilẹ̀ kan náà. Yorùbá kan náà ni wọ́n tún ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọkọ̀ méjì ni, ọjà méjì, òfin méjì. Ìlú wo ló tóbi jù, tó sì ń jẹ igi jù ní ẹ̀gbẹ́ tiwa?" Ó wò mí, ó mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn ni mí, òun kì í sì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. "Ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́. Ẹ sì jẹ ẹ́ tán."

Ó ní ẹ̀dà kan tó ti ya ní igun. Ó fún mi. Mo ká a bí ẹni ká ẹní, mo sì gbé e lọ sílé ní ọjọ́ Jímọ̀.

Bàbá Onípákó wà ní pálọ̀ nígbà tí mo dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń yí èlùbọ́ tó sá sí oòrùn. Ó ní pẹpẹ ńlá kan tó máa ń sá èlùbọ́ lé lórí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fìdí kàn án. Fèrèsé pálọ̀ ṣí sí ẹ̀yìnkùlé náà, kò sí ọ̀rọ̀ tí a sọ tí kò gbọ́.

Mo tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀. "Ẹ wò ó, Bàbá. Bodè nìyí. Ibi tó pupa yìí ni Kútọnu, igbó ṣì wà níbẹ̀. Ibi tó dà bí eérú ni tiwa, igi ti tán."

Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n rí ohun tí ọkọ̀ àti ayùn ti ṣe. Bàbá Onípákó ní tirẹ̀ gbé àwòrán náà sókè, ó sì ń wá igi nínú rẹ̀.

"Alákọ̀wé," ó ní, "tún un sọ. Ibi tó pupa ni igbó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ewé tó bá tutù dáadáa, pupa ló máa ń yọ nínú irú àwòrán yìí."

Ó dojú kọ bàbá mi. "Ọ̀rẹ́, ṣé o gbọ́? Gbogbo ilẹ̀kùn tí o ti ṣe láti fi rán ọmọ yìí níwèé! Ewé tó yè ló pupa! Èmi tí mo ti ń wọ igbó kí wọ́n tó bí i, ewé tó bá ti pupa, ọ̀la ló máa já bọ́." Ó na ọwọ́ síta, sí òkè Mápó àti gbogbo òrùlé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. "Wo ìta. Kí ló pupa ní Ìbàdàn yìí? Ilẹ̀ tó hó àti páànù tó dípẹtà. Ṣé igbó wà lórí páànù ni?"

Ìyá Àgbà dá sí i láti ẹ̀yìnkùlé. "Tètè pupa ńkọ́? Ṣé òkú ewé lo fi jẹ iyán lánàá ni?"

"Ìyá, tètè kì í ṣe igi!"

"Ewé ṣáà ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀."

Bàbá Onípákó kò gbọ́ ti tètè. Ó fi ìka gúnlẹ̀ sórí ibi tó dà bí eérú, ní ẹ̀gbẹ́ tiwa. "Ẹ wo ibí. Àwọ̀ ewé díẹ̀ ló wà lára rẹ̀ yìí. Ojú mi kò fọ́. Ibí ni igi wà, wọ́n ṣi ọmọ yìí kọ́ ni. Inú ilẹ̀ wa ló sì wà, kò sí wàhálà aṣọ́bodè."

Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi ni, mi ò bá ti bínú. Bàbá mi gba àwòrán náà lọ́wọ́ wa. Ó gbé àwòrán náà súnmọ́ imú rẹ̀ bí ó ṣe máa ń gbé pákó láti wo bóyá ó tọ́, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Níkẹyìn ó ní, "Ibi méjèèjì kò jìnnà síra. Ẹ jẹ́ ká lọ fi ojú ara wa rí i, kí èyí tó kù nínú tèmi tó lọ."

Ni a bá lọ. Bàbá mi àti Bàbá Onípákó jókòó ní iwájú pẹ̀lú dírẹ́bà, èmi wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ayùn àti okùn. A kírun àárọ̀ tán ní Bẹyẹrúnká, a gba Ìṣẹ́yìn lọ, a sì dorí kọ ìwọ̀-oòrùn. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, eruku ti fìdí mọ́lẹ̀, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti ń gbọ́ Bàbá Onípákó tó ń sọ fún dírẹ́bà pé kó rọra, pé tí a bá di igi rù, ọkọ̀ kò ní lè sáré padà.

Bí a ṣe ń lọ, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ni, lẹ́yìn rẹ̀ oko àgbàdo, lẹ́yìn rẹ̀ ebè tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Òkìtì èédú wà ní etí ọ̀nà, wọ́n ti dì í sínú àpò, wọ́n sì to àwọn àpò náà bí ènìyàn tó ń dúró de mọ́tò. Kùkùté pọ̀ níbi gbogbo. Àwọn kan tóbi débi pé ìdílé kan lè jókòó yí wọn ká jẹun. A dúró níbi tí mo ṣírò pé ìka Bàbá Onípákó gúnlẹ̀ sí nínú àwòrán. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Igi tó ga jù níbẹ̀ ni òpó ìsọ̀ alákàrà.

Dírẹ́bà ní, "Bàbá, ṣé ká di èyí?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Àgbẹ̀ àgbàlagbà kan tó ń gbin nǹkan nítòsí bá wa dá sí i. A kí i, ó kí wa, ó fún wa lómi mu. Nígbà tí a sọ pé apá là ń wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká tẹ̀ lé òun. Ó mú wa gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan títí a fi dé etí odò. Odò náà kò tíì kún, èèyàn lè fẹsẹ̀ là á kọjá kí omi má dé orúnkún.

Lódì kejì ni igbó wà. Kò sí bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò rí i. Ẹ̀yìn wa funfun, ó gbóná, afẹ́fẹ́ ń gbé iyẹ̀pẹ̀. Iwájú wa, tí kò ju ibi tí a lè ju òkò dé lọ, igi tò gẹ̀ẹ̀rẹ̀, ẹyẹ ń ké, atẹ́gùn tútù ń ti inú rẹ̀ wá bá wa lójú. Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Mo ti rí i nínú àwòrán. Síbẹ̀ orí mi wú.

Bàbá mi dúró tì mí. Ó ní, "Lọ́hùn-ún ṣú."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Igbó ni."

"Mú àwòrán yẹn wá."

Mo tú u. Ó ní kí n fi ìka òun sí ibi tí a dúró sí. Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e sórí ìlà náà. Ó fi ìka náà rọra lọ síbi tó pupa, ó gbójú sókè wo ibi tó ṣú, ó tún wo àwòrán. Lẹ́yìn náà ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Pupa yìí ni igi yẹn."

Bàbá Onípákó kò jiyàn. Ó ti rí nǹkan tó dùn mọ́ ọn ju àríyànjiyàn lọ. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ti yọ láti inú igbó lódì kejì, wọ́n sì ti ń la omi bọ̀ wá bá wa. Yorùbá wọn dà bí orin létí mi, àwọn ọ̀rọ̀ kan ga níbi tí tiwa ti ń wálẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin bàbá. Ṣé igi lẹ ń wá?"

"Apá ni," ni Bàbá Onípákó dáhùn.

"Apá wà. Kí ẹ ṣáà dúró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó máa ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá ti lọ tán, a ó gé e, a ó wọ́ ọ la omi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti wà nínú ọkọ̀ yín."

Bàbá Onípákó gbá bàbá mi ní èjìká. "Ọ̀rẹ́, Ọlọ́run ti gbọ́. Ilẹ̀kùn dé!"

Bàbá mi yíjú sí àgbẹ̀ tó mú wa wá. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gé èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ibí?"

Àgbẹ̀ náà kò ronú lé e. "Ẹ̀yin náà kọ́? Àwọn ará Ìbàdàn, àwọn ará Èkó. Irú ọkọ̀ yín yìí náà ni. Ẹni tó bá ti dé á ní ẹyọ igi kan péré lòun fẹ́. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ní ilé Ọlọ́run lòun fẹ́ fi ṣe. A ò ní purọ́, àwa náà la sì tà á fún wọn. A jẹ owó náà, ó dùn."

Kùkùté kan wà létí odò níbẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ wá a kàn, ó jókòó lé e, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú rẹ̀ bí ó ṣe máa ń pa ojú pákó. Lẹ́yìn náà ó sọ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọmọ mi. A ò ní rà."

Ẹ̀rù bà mí nítorí bí ojú Bàbá Onípákó ṣe rí. "O ò ní kí ni? Láti òwúrọ̀ ni mo ti wà lójú ọ̀nà nítorí tìẹ! Igi nìyí níwájú rẹ! Àbí ojú ni kò jẹ́ kí o rí i?"

Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú sí bàbá mi lára nígbà yẹn. Dírẹ́bà wo ilẹ̀. Bàbá mi kò bínú.

"Mo rí i. Ohun tó bá ṣú nìkan lojú mi ń rí dáadáa báyìí, ọ̀hún sì ṣú." Ó dìde. "Ṣùgbọ́n bí lèmọ́mù bá bi mí pé níbo ni ilẹ̀kùn yìí ti wá, kí ni kí n wí? Kí n ní ó fi òru la odò, ó ń sá fún ẹ̀ṣọ́? Ilé tí a ti ń bẹ Ọlọ́run ni, ọ̀rẹ́. Bí a bá sì gé èyí, a jẹ́ pé àwa náà wá ní ẹyọ kan péré nìyẹn."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́, ìlérí tí o ṣe ńkọ́?"

"Ọlọ́run mọ̀."

A yí ọkọ̀ padà sílé. Ní Ìṣẹ́yìn, dírẹ́bà kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ó kéré tán, ọkọ̀ fúyẹ́." Bàbá Onípákó rín ẹ̀rín kan tí kò fẹ́ rín. Láti ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ara sì tù mí.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi kò ṣí ìsọ̀. Ó jókòó ní ẹ̀yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó ń ròyìn ìrìn àjò fún un, èmi ń bá wọn ṣa òkúta nínú èlùbọ́. Ó ní òun máa lọ bá lèmọ́mù lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, kí wọ́n wá káfíńtà mìíràn tó máa fi pákó lásán ṣe é. N kò tíì gbọ́ kí ohùn bàbá mi rí bẹ́ẹ̀ rí.

Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán. Ó mú agbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èlùbọ́ rẹ̀ kúrò lórí pẹpẹ.

Bàbá mi ní, "Oòrùn ṣì wà, Ìyá. Kò tíì gbẹ."

"Mo mọ̀." Ó kó o tán, ó fi ìgbálẹ̀ gbá ojú pẹpẹ náà, ó sì fi ìka rẹ̀ kàn án, kó kó kó. "Kí ni mo ń sá èlùbọ́ lé láti ọjọ́ yìí wá?"

Gbogbo ìdílé wa ló mọ̀ ọ́n, àṣà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ronú kàn án. Ilẹ̀kùn iwájú ilé ńlá wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni, ilẹ̀kùn bàbá bàbá mi, abala méjì tí wọ́n tò ti ara wọn lórí bíríkì. Nígbà tí ilé ńlá náà wó, òun nìkan ni wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Ní ilé wa, ilẹ̀kùn ẹni tó tẹ ilé dó kì í jáde sọ́wọ́ ará ìta. A kì í tà á, a kì í fi í tọrẹ. Ẹni tó bá dàgbà jù nínú ọmọ rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá Àgbà sì ni.

Bàbá mi ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Ìyá. Kò gbọdọ̀ jáde. Àwọn ẹbí máa sọ̀rọ̀."

"Ta ló ní ilẹ̀ tí mọ́ṣáláṣí yẹn wà?"

"Bàbá wa ló fi sílẹ̀ fún wọn."

"Ṣé ìta wá nìyẹn? Èmi ni àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó wá bá mi níbí, kó mú èlùbọ́ lọ́wọ́ wá." Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ń lọ. "Lọ mú ìfági rẹ. Kí o tó tún rí nǹkan mìíràn sọ."

Bàbá mi fọwọ́ pa ojú pákó náà láti òkè dé ilẹ̀. Apá ni, pákó kan ṣoṣo ní abala kọ̀ọ̀kan, kò sí ojú ìsopọ̀. Èlùbọ́ ti sọ ojú rẹ̀ di funfun, ṣùgbọ́n nígbà tí ìfági kọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀, àwọ̀ pupa rẹ̀ yọ jáde. Bàbá Onípákó, tó ti dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, bú sẹ́rìn-ín. "Alákọ̀wé! Wá wo ewé pupa rẹ!" Ó ti kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gé etí ibi tó jẹrà. Kò sọ̀rọ̀ odò yẹn, bàbá mi náà kò sọ ọ́.

Bàbá mi kò fi bẹ́ẹ̀ lo ojú ṣe ilẹ̀kùn náà. Ọwọ́ ló fi ṣe é. Èmi ni mò ń sọ ibi tí ìlà dé fún un, òun sì ń gbẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ tí wọ́n so ó, lèmọ́mù ṣàdúrà gígùn fún un, ó ṣàdúrà fún Ìyá Àgbà, ó sì ṣàdúrà fún ẹni tó kọ́kọ́ gé igi náà, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ewúrẹ́ kan dúró síta, ó ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Bàbá Onípákó fi pákó afàrà ṣe pẹpẹ tuntun fún Ìyá Àgbà. Títí Ìyá Àgbà fi kú ló ń sọ pé èlùbọ́ kò gbẹ lórí rẹ̀ bí ó ṣe yẹ.

Ojú bàbá mi lọ tán ní nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà. Ó ń dá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Á na ọwọ́ síwájú títí yóò fi kan pákó náà, á sì dúró díẹ̀ kó tó wọlé. Mo máa ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn. N kò rí ẹni tó jẹ ìgbádùn iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo fi àwòrán náà ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọdọọdún ni mo máa ń tẹ́ ẹ fún wọn. Ọdọọdún náà ni ẹnì kan á dìde nínú wọn, á ní, "Sà, ibi tó pupa ni ilẹ̀ ti hó, àbí?" Mi ò bínú sí ọ̀kankan nínú wọn rí. Páànù Ìbàdàn tó dípẹtà ni gbogbo wa lajú bá.

Bàbá mi ti lọ. Ìyá Àgbà ṣáájú rẹ̀ lọ, ní òwúrọ̀ kan tí èlùbọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú oòrùn. Lèmọ́mù ti lọ. Bàbá Onípákó lọ lẹ́yìn wọn, ó ti ta ọkọ̀ náà tipẹ́, ó ń ta símẹ́ńtì. Olùkọ́ mi padà sí ìlú rẹ̀, mo gbọ́ pé ó ti kú. N kò mọ̀ nípa àgbẹ̀ tó fún wa lómi, tàbí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì yẹn, tí wọn yóò ti di bàbá àgbà báyìí bí wọ́n bá wà. N kò mọ̀ nípa igbó náà. Ọmọ mi kan ní òun lè fi fóònù rẹ̀ hàn mí bó ṣe rí lónìí. Mo ní kó jẹ́ kí n ronú sí i ná.

Ilẹ̀kùn náà ṣì wà. Dírẹ́bà ṣì wà, ó ti hewú, a jọ máa ń kírun Jímọ̀. Bí ó bá ti rí mi lókèèrè, á ti pariwo, "Alákọ̀wé! Ewé pupa ńkọ́?" Èmi náà á ní ó wà, a dúpẹ́.